Orin Tó Gùn Ju Èémí Lọ

Kí Sàlíù àbúrò mi tó dé Dublin, mi ò mọ nǹkan kan nípa orin òyìnbó. Iṣẹ́ ni mo mọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Mo mọ bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi kúrò ní Huntstown láàárọ̀. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta káàdì ìpè tó dáa ní Parnell Street, èyí tí kì í gé ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá ẹni lẹ́nu. Mo ti ń rò pé ìlú náà ti mọ́ mi lára. Mi ò tíì mọ̀ pé ìlú kì í mọ́ni lára tán, àfi tó bá ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé àwọn arúgbó, ọ̀gá mi ní kí n kó táwẹ́ẹ̀lì lọ sínú hot press. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa press, aṣọ lílọ̀ ló ní lọ́kàn. Mo wá áyọ́ọ̀nù rí, mo so ó mọ́ iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ táwẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà padà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Ah no, love," ló wí. Àṣé kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó aṣọ sí kó lè móoru ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ní Ìwó, tí àwọn òbí ń mú ọmọ wọn wá bá, èmi ni wọ́n wá ń kọ́ ní orúkọ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìkíni wọn náà ṣe mí bákan. Wọ́n á bi ọ́ pé báwo ni, wọn ò ní dúró gbọ́ èsì. Kí n tó la ẹnu sọ pé ara le, pé ọmọ ń lọ sílé-ìwé dáadáa, ẹni tó bi mí á ti wọ yàrá míì. Mo wá kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fi ń dáhùn: grand. Kò sí ìbànújẹ́ tí èèyàn ò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn bò mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí owó ń ṣàn nílùú náà ni. Ibikíbi tó o bá wò, kíréènì ni, ilé tuntun ni, ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ìyá wa lórí fóònù pé kí Sàlíù máa bọ̀, kó wá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kó máa gbé lọ́dọ̀ èmi àti Bàbá Hàlímà ọkọ mi.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Sàlíù jẹ́. Bàbá wa ni ládánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n kú, Sàlíù tó ṣì wà nílé-ìwé girama ló bọ́ sí ipò wọn. Bí ó bá ń pe ìrun Àlàásárì, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á dẹ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ SS ló wà lára rẹ̀, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí òtútù bá mú un, tàbí bí ó bá sáré jù, eegun rẹ̀ á máa ro ó bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lù ú. Fìlà ni ìyá wa ń rán, fìlà yẹn ni wọ́n fi tọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo rí wọn tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ Sàlíù lé itan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì ra á, tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ìlú òtútù lo fẹ́ mú un lọ, Ìyá Hàlímà?" ni wọ́n bi mí.

"Màmá, ilé ìwòsàn wọn dáa. Wọ́n mọ̀ nípa àìsàn yìí."

"Òtútù ò mọ ilé ìwòsàn."

Òótọ́ ni mo sọ. Òótọ́ ni àwọn náà sọ.

Sàlíù dé. Hàlímà ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Yorùbá ló ń bá ọmọ náà sọ, ọmọ náà ń fi gẹ̀ẹ́sì Dublin dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ ara wọn yé. Lọ́sàn-án ó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́, nírọ̀lẹ́ ó ń tún ilé-ìwé orin kan ṣe láàárín ìlú. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kan ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ kóòtù, ó jókòó sórí àga ní kíṣìnì.

"Àǹtí mi," ó ní, "mo gbọ́ orin kan lónìí. Mo dúró pé kó sinmi díẹ̀ kí n lè máa nu ilẹ̀ lọ. Kò sinmi."

Ó ní obìnrin àgbàlagbà kan ló ń tẹ dùùrù, ọmọbìnrin kan sì ń kọrin. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Òun dúró ti mọ́ọ̀pù lẹ́nu ọ̀nà títí obìnrin náà fi rí òun.

"Wọlé tàbí kí o ti ilẹ̀kùn," ni obìnrin náà wí. "Atẹ́gùn ń wọlé."

Sàlíù wọlé. Miss Bríd ni wọ́n ń pe obìnrin náà, irun rẹ̀ ti funfun báláú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pọ́nni. Ó bi Sàlíù bóyá ó ń kọrin. Sàlíù ní rárá, pé òun kàn máa ń pe àwọn èèyàn sí ìrun ni. Ó ní kó pè é kí òun gbọ́. Sàlíù ní wọn kì í fi ìyẹn ṣeré, ó wá kọ wákà kan tí ìyá wa máa ń kọ nídìí fìlà. Nígbà tó parí, Miss Bríd ò yìn ín. Ó kàn béèrè pé ọjọ́ wo ló tún máa wá.

Orin tó gbọ́ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin ará Sìsílì kan ló ṣe é, Sìsílì tó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ítálì. Ọkùnrin náà ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa. Orúkọ rẹ̀ ò bá ẹnu wa mu, nítorí náà Ọmọ Sìsílì ni Sàlíù ń pè é. Ó yá ìwé nípa rẹ̀ ní láíbìrì. Bí a bá ń gé ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ Sunday, ìtàn Ọmọ Sìsílì la máa ń gbọ́.

"Abẹ́ òkè tó ń yọ iná ni wọ́n bí i sí," Sàlíù á ní. "Olórin ni bàbá rẹ̀, olórin ni bàbá bàbá rẹ̀. Bàbá àgbà ló kọ́ ọ ní dùùrù."

"Bíi tiwa," ni mo wí, nítorí bàbá bàbá wa náà ṣe ládánì.

"Bíi tiwa gan-an, Àǹtí mi. Nígbà tí ìlú rí i pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n, àwọn ni wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Nápólì, lódìkejì òkun. Wọ́n ní tó bá kọ́ ọ tán kó padà wá ṣiṣẹ́ fún wọn."

"Ó padà?"

"Ó padà gẹ́gẹ́ bí àlejò. Gbogbo ìlú jáde wá pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún lọ."

Mo ń gé ẹ̀fọ́ mi lọ. Gbogbo àwa tá a wà ní Dublin la ti ṣèlérí fún ẹnì kan pé a máa padà.

Ó sọ fún wa pé ní Nápólì, ọkùnrin náà fẹ́ràn ọmọ adájọ́ kan. Adájọ́ ní òun ò ní fi ọmọ òun fún olórin lásán. Nígbà tí olórin lásán wá di gbajúmọ̀, tí adájọ́ yí ọkàn padà, olórin náà ló wá ní rárá, iṣẹ́ òun ti gba òun tán. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọmọbìnrin náà kú.

"That's desperate," ni Hàlímà wí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Dublin pé nǹkan burú jáì.

Eré ni ọkùnrin náà ń kọ orin fún, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ lásán níbẹ̀. Ọ̀kan dá lórí ọmọbìnrin tó máa ń rìn lójú oorun, tí oorun gbé e wọ yàrá ọkùnrin mìíràn, tí gbogbo abúlé wá ń pè é ní oníṣekúṣe. Òmíràn dá lórí obìnrin kan tó ń ṣe olórí ẹ̀sìn àwọn ará igbó, tó lọ fẹ́ràn ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó ń jẹ gàba lé ìlú rẹ̀ lórí. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe èyí, àwọn òǹwòran ò pàtẹ́wọ́, ọkùnrin náà sì kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti ṣubú. Kò pẹ́ tí eré yẹn kan náà fi di èyí tí gbogbo ayé ń yìn.

Ohun tó mú Sàlíù jù ni gígùn orin náà. Ó ní orin ẹlòmíràn máa ń rìn, á dúró, á mí, á tún máa lọ. Ti Ọmọ Sìsílì á gbéra báyìí, ó di òkè, ó di ìsàlẹ̀, o máa rò pé ó fẹ́ dé, kò ní dé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ní èémí. Sàlíù, èémí ni kò ní. Àìsàn yẹn ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láti kékeré.

Miss Bríd mọ̀. Ó ti fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ti gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń ṣe.

"Mi ò lè fún ọ ní èémí," ló sọ fún un. "Ṣùgbọ́n màá fi ibi tó o ti lè jí i hàn ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, níbi tí etí òǹgbọ́ ti wà lára dùùrù, ibẹ̀ ni Sàlíù á ti mí díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ ní bálùwẹ̀ wa tó ń ṣe é.

Ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní Dublin sọ fún ẹnì kan ní Ìwó pé Sàlíù ń kọrin òyìnbó. Ìyá wa ní kí n gbé fóònù fún un, èmi náà ń gbọ́.

"Sàlíù, wọ́n ní orin kèfèrí lò ń kọ níbẹ̀."

"Rárá, Màmá. Orin ìfẹ́ ni."

"Ìyẹn gan-an ló burú jù."

Kàkà kí ó jiyàn, Sàlíù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọkùnrin náà fún wọn. Ó sọ ti òkè oníná, ó sọ ti bàbá àgbà. Káàdì tán níbi tí adájọ́ Nápólì ti ní òun ò ní fi ọmọ òun fún olórin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí a pè, ìyá wa kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ wọn yẹn ńkọ́? Ṣé adájọ́ gbà?" Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìpè wa ló ní ti Ọmọ Sìsílì nínú. Wọn ò sọ pé àwọn gbà kí Sàlíù máa kọrin. Wọn ò sì sọ pé kó má kọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí ìtàn ku díẹ̀ kó parí, Sàlíù ò fẹ́ sọ òpin rẹ̀. Ìyá wa ò gbà.

"Ṣé ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀?"

"Màmá, ó kú sílẹ̀ àjèjì. Ó ṣì kéré. Ilé kan lẹ́yìn Paris ni, inú ló ń dùn ún. Àwọn tó gbà á sílé fi í sílẹ̀ lọ, wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé má jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó dá kú síbẹ̀ ni."

"Hà! Ọmọ ọlọ́mọ."

"Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e wálé, Màmá. Lẹ́yìn ogójì ọdún, àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ gbé òkú rẹ̀ wá. Èèyàn kún ojú títì."

"Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà yẹn."

"Ó ti kú, Màmá."

"Ta ni wọ́n wá gbé e wá fún?" ni ìyá wa béèrè.

Nígbà ìrúwé, ẹgbẹ́ akọrin Miss Bríd ṣe eré ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Balbriggan, létí òkun. Àwọn ọmọdé pọ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ, àwọn arúgbó tó mú tíì wá nínú fúláàsì. Bàbá Hàlímà fi takisí tó fi ń ṣiṣẹ́ gbé wa lọ. Èmi nìkan ni mo wé ìborùn níbẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Sàlíù jáde. Ó wọ kóòtù dúdú tí ọkọ mi yá a, ó tóbi sí i. Miss Bríd tẹ dùùrù. Sàlíù ya ẹnu, orin náà sì gbéra.

Èdè Ítálì ni, mi ò gbọ́ ìkankan. Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn náà. Ohùn bàbá wa ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo di etí àga mú, mo ń wá ibi tó ti ń jí èémí, mi ò rí i. Orin náà ń lọ, ó ń gòkè, mo ń rò pé yóò já, kò já. Nígbà tó balẹ̀, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, Hàlímà sì dìde dúró lórí àga rẹ̀, ó pariwo pé, "That's my uncle!" Àwọn èèyàn yíjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ọkùnrin kan bọ ọkọ mi lọ́wọ́, ó ń yọ̀ fún un, bí ẹni pé òun ló bí Sàlíù. Ọjọ́ yẹn nìkan, nínú gbogbo ọdún tí mo ti lò nílùú náà, mi ò rántí pé àlejò ni mí.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni a pàdánù rẹ̀.

Ó ń bọ̀ láti Balbriggan, níbi tí wọ́n ti ń fi orin tuntun dánra wò. Rélùwéè pẹ́ kó tó dé. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lu ibi tí wọ́n ti ń dúró. Nígbà tó wọlé, ètè rẹ̀ ti funfun, ó ń di àyà mú. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, a mọ ohun tí à ń ṣe, a fún un lómi, a fi aṣọ dì í, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Dókítà tó bá mi sọ̀rọ̀ jókòó kó tó sọ ọ́, láti ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà ti dí ojú ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Wọ́n fi nǹkan bo imú rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ó fi ìka pè mí súnmọ́.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún Miss Bríd," ó ní, ó ń tọ́ka sí ohun tó wà lójú rẹ̀. "Mi ò jí i mọ́. Wọ́n ń fún mi ní gbangba."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́.

Ọ̀sán ni ó kú, nígbà tí oòrùn díẹ̀ wà lójú fèrèsé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ń ka Kálímà sí i létí, ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé mi, nígbà tó yá ètè náà dúró. Mo ṣì ń kà á. Nọ́ọ̀sì ló gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Bí mo ṣe máa sọ fún ìyá wa ni mo ń rò, mo jókòó sínú takisí ọkọ mi, mo di fóònù mú. Nígbà tí wọ́n gbé e, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ní, "Ìyá Hàlímà, kí ló dé tó ò ń mí báyẹn?"

Mo sọ fún wọn. Mo gbọ́ tí nǹkan bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin àdúgbò. Nígbà tí wọ́n padà sórí fóònù, ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

"Ṣé òun nìkan ló wà?"

"Rárá, Màmá. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Alihamudulilai." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Gbé e wálé fún mi."

Mo sọ fún wọn pé àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí ibí ti ní kí a má fi falẹ̀, pé kí ìwé òkú tó pé, kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbà á, yóò pẹ́, inú yìnyín ni yóò sì wà.

"Àwọn ará Sìsílì gbé ọmọ tiwọn wálé," ni ìyá wa wí. "Èmi ńkọ́?"

Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. A kàn ń gbọ́ ẹkún ara wa, káàdì ń jẹ lọ.

Àwọn ni wọ́n pè wá padà. Wọ́n ti lọ bá álífáà wa. "Ẹ sin ín síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ má fi ọmọ mi sínú yìnyín. Gbogbo ayé rẹ̀ ni mo fi ń sá fún òtútù. Inú ilẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Àwọn ọkùnrin wà lẹ́nu sàréè, àwa obìnrin wà lẹ́yìn. Miss Bríd wá, ó fi ìborùn bo irun rẹ̀, ó dúró tì mí. Nígbà tí wọ́n ń rọ́ ilẹ̀ sí i, ó fa ọwọ́ mi sínú àpò kóòtù rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń yí àwọn arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń bi mí pé báwo ni, mo ń sọ pé grand. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ó di ọwọ́ mi mú láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo ń wọṣọ fún un, ó ní, "You're not, though." Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sunkún níwájú òyìnbó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí Sàlíù tó kú, bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni ilé, mi ò ní rò ó kí n tó dáhùn. Ìwó ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún mi báyìí. Àwọn ará wa máa ń sọ pé àjò ò dà bí ilé, wọ́n á wá ṣírò ìgbà tí wọ́n máa padà, lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, lẹ́yìn tí ilé bá parí. Èmi náà máa ń ṣírò. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ta ni yóò máa lọ fa koríko orí àbúrò mi? Bí mo bá sì dúró, ta ni yóò jókòó ti ìyá mi? Àárín méjèèjì ni mo wà, mi ò sì rò pé mo máa kúrò níbẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ìyá wa gba ìwé àṣẹ láti wá wò wá. Wọ́n wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Miss Bríd wá kí wọn, ó gbé kéèkì wá, àwọn méjèèjì jókòó kojú ara wọn ní pálọ̀ wa, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Mo fẹ́ túmọ̀, ìyá wa ní kí n jẹ́ kí Hàlímà ṣe é.

"Bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n kọ," ni wọ́n wí.

Hàlímà yíjú sí Miss Bríd. "My granny wants to know was he any good."

Miss Bríd ronú. Kì í ṣe obìnrin tó ń fi irọ́ tu èèyàn nínú. "Not yet," ó wí. "But he was going to be."

Hàlímà wo èmi, ó wo ìyá wa. Ọmọ yìí kì í sọ Yorùbá jáde lẹ́nu, bí a bẹ̀ ẹ́, bí a nà án. Ó ń wá ọ̀rọ̀. "Màmá àgbà," ó ní, díẹ̀díẹ̀, "wọ́n ní... ó máa dáa."

Ìyá wa mi orí. "Àmín," ni wọ́n wí.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí itẹ́ òkú. Ìyá wa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Hàlímà náà bọ́ tirẹ̀. Mo fi ibi tí Sàlíù wà hàn wọ́n. Wọ́n jókòó sórí koríko tútù, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ilẹ̀ náà, wọ́n ṣàdúà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ láti dì wọ́n mú, ṣùgbọ́n wọn ò ṣubú, wọn ò pariwo.

Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Ta ni wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Màmá. Orúkọ yẹn dà bíi ti ará Sòmálíà."

Ìyá wa kó ìró wọn jọ. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú sàréè àjèjì náà, bí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

"Àsàláàmù àlékùmù. Ẹ kú àdúgbò o," ni wọ́n wí. "Èmi ni ìyá Sàlíù, tó wá bá yín gbé níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o. Ọmọ dáadáa ni. Bó bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá a wí bí ọmọ yín."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ kí ẹni tó wà lódìkejì, ará Bósíníà kan. Wọ́n lọ kí ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹni tó wà níwájú. Hàlímà di ọwọ́ wọn mú, òun náà ń kúnlẹ̀ bí wọ́n bá ti ń kúnlẹ̀. Etí ìró wọn ti tutù rinrin.

Sàréè tó kẹ́yìn ní ìlà náà kéré, sàréè ọmọdé ni, ẹnì kan sì ti fi ọkọ̀ ìṣeré sórí rẹ̀. Ìyá wa ò kúnlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n lóṣòó, wọ́n rọra tún ọkọ̀ náà gbé dúró.

"Ìwọ náà, ọkọ mi," ni wọ́n wí, "bó o bá ń ṣeré, máa rọra ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń sùn."